Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ilé tuntun fún ajá àgbà tó níwà líle, ẹ sọ ìrírí yín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ajá bàbá mi ni Dúdú. Nígbà tí bàbá kú, ó ti pé ọmọ ọdún 9, ọ̀dọ̀ mi ló sì bọ́ sí. Kì í ṣe ajá burúkú rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láti kékeré, ẹni náà sì ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ṣì kéré, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, Dúdú ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ abọ́ oúnjẹ òun. Ara rẹ̀ á le gbagidi, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò yín, á wá kùn. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan na ọwọ́ sí egungun tó wà níwájú rẹ̀, ó gé e jẹ. Eyín wọlé, ẹ̀jẹ̀ jáde.

Àwọn ará ilé ní kí n yáa gbé e fún ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́ ẹ. Mi ò gbà. Ajá tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, mi ò lè jù ú sọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, ibẹ̀ náà ni màá ní kí ẹnikẹ́ni tó bá bi mí kọ́kọ́ lọ. Ajá ò lè sọ pé eyín ń dun òun. Bí ajá tó ti dàgbà bá ṣàdédé yí ìwà padà, ìrora tàbí àìlera ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀: eyín tó ti jẹrà, làkúrègbé, etí tó ń ṣe é, ojú tó ti ń ṣe bàìbàì tí kò fi tètè rí ẹni tó ń bọ̀. Dókítà bá eyín tó ti jẹrà dé gbòǹgbò lẹ́nu Dúdú, egungun ìbàdí rẹ̀ náà sì ti ń dùn ún. Wọ́n yọ eyín yẹn, wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora tó jẹ́ ti ajá. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ajá ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen lè ba inú àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á.) Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ajá tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹ̀yìn òun fi ń wá sùn ti ẹsẹ̀ mi. Ti abọ́ oúnjẹ nìkan ni kò tán. Ó kàn dín kù ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú ajá báyìí mọ̀. Ẹ má lu ajá nítorí pé ó kùn. Kíkùn yẹn ni ìkìlọ̀ tó ní. Ajá tí wọ́n bá lù títí tó fi jáwọ́ nínú kíkùn, ẹ̀rù ṣì ń bà á bó ṣe ń bà á tẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á kàn gé ènìyàn jẹ ni. Bàbá mi ò lu Dúdú rí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun, òun náà ló sì mú kó ṣeé fún ẹlòmíràn.

Ní gbogbo àsìkò tí mò ń wá ilé fún un, inú yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ti ń dá jẹun. Òun àti àwọn ọmọ kì í wà pa pọ̀ láìjẹ́ pé èmi tàbí ọkọ mi wà láàárín wọn. Mo sì fi ẹran kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa fúnra rẹ̀ ti ẹnu bọ inú agbọ̀n tí wọ́n fi ń bo ẹnu ajá, irú èyí tó fẹ̀ dáadáa, tí ajá lè la ẹnu mí nínú ẹ̀, tó sì lè fi mu omi.

Ó wá kan kíkọ ohun tí màá fi wá ẹni tó máa gbà á. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má mẹ́nu ba ti ìgéjẹ yẹn, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa wá. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ò bá mọ̀ pé ajá ń ṣọ́ oúnjẹ, ọwọ́ òfìfo ni yóò nà sí abọ́ náà, ajá á gé e jẹ, wọ́n á wá ní ajá náà ya wèrè. Mo kọ gbogbo rẹ̀: ohun tó fà á, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bí ojú egbò náà ṣe rí. Dókítà ẹranko kan, Ian Dunbar, ti pín ìgéjẹ ajá sí ìpele 6, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ajá ló sì ń lò ó. Ìpele 1 ni kí ajá halẹ̀, kó fẹnu gba afẹ́fẹ́ láì kan ènìyàn. Ní ìpele 2, eyín kan ara, kò dá a lu. Ìpele 3 ni ìgéjẹ ẹ̀ẹ̀kan tó dá ihò 1 sí 4 tí kò jìn tó ìdajì eyín gígùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ti Dúdú wà. Ti 6 ni pé ẹni náà kú. Nígbà tí mo kọ ọ́ báyẹn, àwọn tó mọ̀ nípa ajá mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè fẹ́ so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru kó lè máa ṣọ́ ẹrù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì kọ̀. Tọkọtaya kan wá tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò, wọ́n ní ọmọ náà fẹ́ràn ajá gan-an. Ó dùn mí láti kọ̀ fún wọn torí ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìdí tí mo fi ń wá ilé fún un gan-an nìyẹn.

Bàbá kan ló gbà á níkẹyìn. Ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé, ó sì ti tọ́jú ajá tó ń bẹ̀rù ènìyàn rí. Ìbéèrè tó bi mí ló fi ọkàn mi balẹ̀. Ó ní, "Kí ló máa ń ṣe kó tó kùn? Ibo ló fẹ́ràn láti máa sùn? Bí agbára mi ò bá gbé e mọ́, ṣé ẹ̀yin á gbà á padà?" Ìta gbangba ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, a jọ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, bàbá ò wo ojú ajá tààrà, kò sì na ọwọ́ sí orí rẹ̀. A tún ṣe é bẹ́ẹ̀ láwọn ọjọ́ mìíràn, kó tó wá mú un lọ fún ìgbà díẹ̀ ná ká lè wò ó.

Mo kó ibùsùn Dúdú fún un láì fọ̀ ọ́, kí òórùn ilé lè wà lára ẹ̀. Mo kó ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, pàápàá ti dìgbòlugi, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ dókítà. A yí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù padà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí, bí ajá bá wá sọnù, ẹni àtijọ́ ni wọ́n á máa pè. A sì fọwọ́ sí ìwé pé bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn tó ń gba ajá sílẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ 3, ọ̀sẹ̀ 3 àti oṣù 3: ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà á, á wá mọ bí ilé ṣe ń lọ, lẹ́yìn náà ló tó di ará ilé. Kì í ṣe òfin o, ti ajá àgbà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dúdú ò fẹ́ẹ̀ jẹun nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tán ni ìwà abọ́ oúnjẹ yẹn tó padà wá, bàbá sì pè mí. Inú mi dùn pé ó pè. Ohun tó ń ṣe báyìí ni pé bó bá ń kọjá, á ju ẹran tó dára ju ti inú abọ́ lọ sí Dúdú láti òkèèrè, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ajá náà ti wá mọ̀ pé bí ènìyàn bá ń bọ̀, nǹkan ń bọ̀. Kò sì tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú o. Ìhà kejì ni tèmi, èmi ni mo gba ajá. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà yẹn, ẹni tó ni ín sì sọ òótọ́ fún mi pé bí òun bá ti jáde, á máa hu, á máa ha ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi bó. Mo fi fóònù ká a sílẹ̀ nígbà tí mo jáde, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé láti ìgbà tí mo bá ti mú kọ́kọ́rọ́ ni àyà rẹ̀ ti ń já. Mo wá ń mú kọ́kọ́rọ́ kí n tún jókòó. Mo ń jáde, mo sì ń wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu, mo wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Dókítà fi fluoxetine, oògùn kan tó ń dín ìdààmú ọkàn kù, kún un. Wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún irú ìdààmú yìí lára ajá láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀kọ́ náà sì gbọ́dọ̀ máa lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ó ń dá wà nílé báyìí láìsí wàhálà.

Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri lóru, á há sí igun yàrá, á máa wo ògiri. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló ń darúgbó, bó ṣe máa ń ṣe àwọn àgbàlagbà wa kan. Mo ń tan iná kékeré sílẹ̀ lóru, mi ò sì ń ṣí àga nípò mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ajá àgbà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan.

———

Tèmi ò parí síbi tó dáa, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kẹ́nì kan sọ irú ẹ̀. Ajá wa gé ènìyàn jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó jìn, kò sì kùn rárá kó tó ṣe é. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa ìwà ajá náà bá wa ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn méjèèjì sọ fún wa pé bí a bá gbé e fún ẹlòmíràn, ewu ni a gbé fún un. A jẹ́ kí dókítà fi abẹ́rẹ́ mú un sùn, tí kò fi jí mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ajá náà, mo sì gbà títí dòní pé ohun tó tọ́ la ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní ipò yẹn báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè yín ní òǹrorò.

———

Ẹ ṣé gbogbo yín. Èmi ṣì ń wá ilé fún tèmi. Ajá yìí ti di adití, bí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án lójú oorun, á ta gìrì, á fẹnu gba ènìyàn kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Mo ti ń kọ́ ọ láti máa fi ojú gba ọ̀rọ̀: ọwọ́ òkè ni "jókòó", àtẹ́lẹwọ́ sí àyà ni "máa bọ̀". Bí mo bá fẹ́ jí i, mo máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè mọ̀ ọ́n lára. Àgbà tó mà tètè mọ ẹ̀kọ́ ni!

Ẹbí méjì ló ti fìfẹ́ hàn. Ọ̀kan ní ajá mìíràn nílé, nítorí náà ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ajá kankan la ti jẹ́ kí wọ́n ríra, okùn ọwọ́ wa ò sì fà le. Wọn ò bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n tèmi ò fara balẹ̀. Ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ni ẹbí kejì, ọmọ náà sì ti ń kọ́ àwọn àmì ọwọ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn mi fà sí. Wọ́n ń bọ̀ wá mú un rìn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti kọ ìwé ìdápadà tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tó bá ti ní ajá adití rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pè é bó bá kọ ẹ̀yìn sí yín?