"Ìbátan" kọ́ o: lórí who, whom àti "tí" wa

Ẹ̀yin ará mi, mo rí orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú wá fún who, whom, which, that àti whose (àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní relative pronoun), wọ́n ní ká máa pè wọ́n ní "arọ́pò-orúkọ ìbátan". Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ JSS2 tó bá gbọ́ ọ máa béèrè pé ìbátan ta ni who. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló yẹ ká fi sọ wọ́n lórúkọ, àwọn ló ń ṣáájú awẹ́ gbólóhùn tó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn onígírámà wa sì ti ní "ẹ̀yán" (ohun tó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, tó ń sọ èwo gan-an là ń wí) nílẹ̀ tipẹ́, torí náà "arọ́pò-orúkọ aṣẹ̀yán" ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Àbúrò kan wá ní kí ló le nínú ẹ̀, ṣebí "tí" ni gbogbo wọn, ká kúkú pe "tí" náà ní aṣẹ̀yán. Rárá o. "Tí" kì í ṣe arọ́pò-orúkọ, kò rọ́pò ẹnikẹ́ni. "Ọkùnrin tí ó wá", "ó" yẹn ló dúró fún ọkùnrin, "tí" kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni, ká tiẹ̀ kọ ọ́ ní "tó", ó ṣì wà nínú ẹ̀. Who ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe méjèèjì pọ̀, òun ló ṣílẹ̀kùn, òun náà ló tún wọlé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní káwọn ọmọ tí mò ń kọ́ má há whom sórí, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá kí wọ́n wo ẹ̀yìn "tí". Tí wọ́n bá rí "ó", who ni. Tí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣófo, bíi "obìnrin tí mo rí", whom ni, ẹ sì lè yọ ọ́ kúrò pátápátá, the woman I saw, kò sẹ́ni tó máa bínú. Tí "rẹ̀" bá wá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ, "ọkùnrin tí ilé rẹ̀ jó", whose ni, ibẹ̀ gan-an la sì ti máa ń ṣìṣe, tá a máa ń kọ the man that his house got burnt, "tí" di that, "rẹ̀" di his, ó parí! The man that I sat with him náà, "tí mo jókòó pẹ̀lú rẹ̀" ló bí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sábà gbọ́ the book that I bought it lẹ́nu wa, torí àwa náà kì í sọ "ìwé tí mo rà á".

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni the man whom I think stole the money, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń kọ ọ́, wọ́n rí I think wọ́n rò pé òun ló ni whom. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá: "ọkùnrin tí mo rò pé ó jí owó náà". "Ó" rèé níwájú "jí". Who ni, ẹjọ́ ti tán. Àmọ́ "ọkùnrin tí mo rò pé wọ́n mú", kò sí nǹkan lẹ́yìn "mú", whom nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí ò lè sọ bóyá who ni àbí which, torí "tí" ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́ (whose náà ò mọ̀ ọ́n o, the house whose roof leaks ò lẹ́bi kankan). Kò sì lè gbà yín lọ́wọ́ kọ́mà, torí "bàbá mi, tó ń gbé ní Ìbàdàn" àti "bàbá tó ń gbé ní Ìbàdàn", "tó" kan náà ni lójú wa, Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, kò gba that lẹ́yìn kọ́mà yẹn. Ti ká máa fi that síbi tí kò sí kọ́mà, ká fi which síbi tó wà, H. W. Fowler, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé lórí ìlò èdè wọn, dábàá ẹ̀ lọ́dún 1926, àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá gbé e lórí jù.

Orúkọ tí mo fọwọ́ sí nìyí: aṣẹ̀yán fún who àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, "atọ́ka ẹ̀yán" fún "tí". That nìkan ló ń dà mí láàmú. Kì í yí padà bí who ṣe ń di whom, a ò sì lè kọ the man with that I sat. Èmi á kó o sọ́dọ̀ "tí", ẹni tó bá fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ who, kó mú ẹ̀rí ẹ̀ wá.