Irú irin ọfà wo ló lè wọ ẹran ńlá? Alágbẹ̀dẹ ti já mi kulẹ̀

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Àrìnpa ni tọdẹ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Inú mi kò dùn rárá bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má bínú bó bá gùn. Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa níbí ní Òṣogbo pé kó bá mi rọ irin ọfà mẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ló gbà, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo débẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní òjò ni, èédú òun tutù. Mo padà lọ lọ́jọ́ Ajé, owó ọ̀kadà àlọ, owó ọ̀kadà àbọ̀, mo bá a tó ń jẹ iyán, ó ní kí n jókòó. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi jókòó síwájú ewìrì bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Nígbà tó kó wọn fún mi, wọ́n dára lójú, wọ́n ń dán. Mo pọ́n wọn fúnra mi títí wọ́n fi ń fá irun ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ta lu pákó kan lẹ́yìnkùlé, ṣe ni orí rẹ̀ ká sẹ́yìn bí etí ajá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi, á nawọ́ bí ẹni ń fa ọsán.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: irú irin wo ló lè wọ ẹran ńlá tó burú, tí kò ní ká? Ṣé alábẹ méjì ni àbí alábẹ mẹ́ta? Ṣé kí n ra ti òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi kó tó di Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ìbọn.

Àgbà Apó
Ẹran wo? Ọrun rẹ ńkọ́, báwo ló ṣe le tó láti fà? Igi ọfà rẹ ńkọ́, báwo ló ṣe wúwo tó? O ròyìn iyán tí alágbẹ̀dẹ ń jẹ fún wa, o ò sọ ohun tí a lè fi dá ọ lóhùn.

Ọmọ Ìkìrun ní Limpopo
Ẹ kú u pé. Ọdún kẹfà mi nìyí tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọdẹ kan níbí ní South Africa, èmi ni mo ń gbọ́únjẹ, mo sì máa ń bá wọn tọ ipasẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹran tó burú ni, ẹfọ̀n ni kẹ́ ẹ bi mí léèrè. Akọ ẹfọ̀n lè tó kílò 800. Eegun ìhà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn bíi pákó ilé. Ọfà tó bá fúyẹ́ á kàn dúró sára rẹ̀ ni, inú á sì bí i. Àwọn tó ń wá fi ọfà pa á lọ́dọ̀ wa, ọrun wọn kì í dín ní kílò 36 láti fà, ọ̀gá ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ sì máa ń dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìbọn ńlá.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Ed Ashby ti ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí ní Natal, ní South Africa níbí, ní àwọn ọdún 1980. Ó ń ta ọfà oríṣiríṣi sára ẹran, ó sì ń wò bó ṣe wọlé sí. Ohun àkọ́kọ́ tó rí kò ní í ṣe pẹ̀lú bí irin ṣe mú. Ó ní kí ọfà náà má ká, kó má ṣẹ́, nítorí ọfà tó bá ti ká, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Lẹ́yìn náà ni ìwúwo: ó ní kí ọfà àti irin orí rẹ̀ lápapọ̀ tó gíréènì 650, ìyẹn bíi gíráàmù 42, bí wọn ó bá la eegun líle kọjá. Irin alábẹ méjì ló fẹ́ràn jù, kó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, kí wọ́n sì pọ́n ẹnu abẹ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kó lè máa yí wọ inú eegun, kó là á.

Ẹfọ̀n àkọ́kọ́ tí mo rí tí wọ́n fi ọfà pa, bàbá arúgbó kan ló ta á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mo ju fíláàsì tíì sílẹ̀…

Alábẹ Mẹ́ta
Ọ̀gbẹ́ni Limpopo, kò sí ẹfọ̀n ní oko ẹ̀gẹ́ l'Óṣogbo. Alábẹ mẹ́ta ló dára. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í pa dé, ẹ̀jẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, o ò ní wá ẹran pẹ́. Mo ti fi mú ẹtu, mo ti fi mú ìgalà.

Ọmọ Ìkìrun ní Limpopo
Ẹtu! Awọ ẹtu kọ́ là ń sọ o.

Alábẹ Mẹ́ta
Òun náà kò tíì sọ ẹran tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ná.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ̀yin ọkùnrin, irin lẹ̀ ń bá ara yín jà lé lórí, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ibi tí ọmọ yìí fẹ́ lọ ta á. Bàbá tó bí mi, ẹsẹ̀ kan ló fi rìn dọjọ́ ikú, ìmàdò tí ẹlòmíì ta tí kò kú ló fi eyín ya itan rẹ̀. Oko ló ń lọ jẹ́jẹ́. Ọmọ mi, ibo ni oko náà wà? Bó bá wà nítòsí Igbó Ọ̀ṣun, má ṣe é o. Wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gé igi. Gbogbo ayé ló ń ṣọ́ igbó yẹn láti 2005 tí UNESCO ti gbà á wọlé.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Mà, kò sí nítòsí Igbó Ọ̀ṣun rárá, ọ̀nà Ìkìrun ni. Oko ẹ̀gẹ́ àbúrò bàbá mi ni. Túùrùkú ni, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, akọ. Gbogbo ìlà ẹ̀gẹ́ mẹ́rìnlélógún ló ti tú, bí ẹni fi katakátà kọjá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pè mí ní ọmọdé, mo ti ń ta ọfà láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọrun bàbá mi ni. Mo so ó mọ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, ó jẹ́ kílò 19 nígbà tí mo fà á dé etí. Ọdún kan ò tíì pé tí wọ́n lọ, ìdí tí n kò fi fẹ́ lo ìbọn nìyẹn. Ẹ̀bi ọrun kọ́, alágbẹ̀dẹ ló ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àgbà Apó
Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Kílò 19 kéré fún akọ túùrùkú, n ò ní tàn ọ́. Ó lè pa á bí o bá sún mọ́ ọn dáadáa, bí ẹran bá dúró ní ìhà sí ọ tàbí tó kẹ́yìn sí ọ díẹ̀, bí o bá sì mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Ti túùrùkú kò rí bíi ti màlúù. Ó lọ sílẹ̀, ó sì wà níwájú, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an. Ẹni tó bá ta á sí àárín ara, ìfun ló ta. Ẹni tó bá sì lọ síwájú jù, eegun èjìká ni, pẹ̀lú ẹrẹ̀ gbígbẹ tó ti fi ra ara bí ẹni rẹ́ ilé.

Òṣìṣẹ́ Irin Tẹ́lẹ̀
Mo ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń na irin níbí l'Óṣogbo, nítorí náà irin nìkan ni mo máa sọ. Irin tó ká bí etí ajá kò gba líle ni. Àbùkù ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kọ́ dandan. Irin wo ló fi rọ ọ́?

Alábẹ Mẹ́ta
Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi. Alábẹ mẹ́ta.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Bàbá, irin dáadáa ni. Ṣé ti òyìnbó tó ń ṣí abẹ rẹ̀ nínú ẹran dára?

Ọmọ Ìkìrun ní Limpopo
Rárá o. Ṣíṣí yẹn ń jẹ agbára ọfà, ọrun rẹ kò sì ní agbára tí wọn ó jẹ. Ọ̀gá mi kì í gbà kí wọ́n gbé e wá sí ọ̀dọ̀ ẹfọ̀n. Èyí tó le gbagidi, tí kò ní ohun kan tó ń mì lára rẹ̀, ni kó o wá.

Òṣìṣẹ́ Irin Tẹ́lẹ̀
Ọmọ mi, "irin dáadáa" kì í ṣe orúkọ irin.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Ọ̀pá tí wọ́n fi ń kọ́lé ni. Èmi ni mo gbé e lọ fún un, èyí tó ṣẹ́kù níbi tí a ti ń gbé dẹ́kìn. Irin ṣáà ni irin, sà.

Òṣìṣẹ́ Irin Tẹ́lẹ̀
Irin kì í ṣe irin! Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìkọ́lé ni wọ́n ṣe kó lè tẹ̀, kí ilé má baà sán. Èédú inú rẹ̀ kéré. Bó o mú un pupa nígbà ogún, tó o tì í bọ omi nígbà ogún, kò ní le dé ibi tó o ń wá. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ akẹ́rù, ra sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ tán, kó mú un pupa títí òòfà kò fi ní fà á mọ́, kó tì í bọ epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi, omi á là á. Fi fáìlì kàn án: bó bá le, fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni fi í ha gíláàsì. Ẹ má dúró níbẹ̀ o. Bó ṣe rí yẹn, bó bá kan eegun, á ṣẹ́ bí àwo. Ẹ fi yanrìn nù ún kó dán, ẹ gbé e sórí irin gbígbóná, kẹ́ ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀. Á pọ́n bí ìyeyè, á dà bí obì, á wá di àwọ̀ àlùkò. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí ìdí tó wọnú igi nípọn ju ẹnu lọ.

Bó o bá pọ́n ọn tán, fi awọ bàtà nù ún. Na rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, kó o fi ẹnu irin kàn án jẹ́jẹ́. Bí o bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó já, kò tíì mú.

Bàbá Onírúkèrè
Gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ẹ fi oró sí i. Àwọn bàbá wa kò ka àwọ̀ àlùkò kí wọ́n tó pa ẹran.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Kí ta ni ó wá jẹ ẹran náà, sà? Ọmọ yìí kò mọ oró, ẹ má fi kọ́ ọ lórí fóònù.

Àgbà Apó
Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, ya àwòrán àwọn irin náà, kí bàbá wò wọ́n.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
[Àwòrán]

Àgbà Apó
Mẹ́rin ni mo rí lórí ẹní yìí. Mẹ́fà lo ní ó rọ. Ọ̀kan ká lára pákó. Èkejì ńkọ́?

Àgbà Apó
O ti ka ọ̀rọ̀ mi, fóònù fi hàn mí. Èkejì ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Ẹ má bínú. Mo ti ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́ láti ìrọ̀lẹ́.

Ó wà lára túùrùkú. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni. Ó kọjú sí mi, mo rò pé mo lè ta á ní àyà. Ó dún bí ẹni sọ òkò lu ògiri. Igi ọfà dúró síta lára èjìká rẹ̀, ó ń mì, ó sì wọ ìgbẹ́ lọ. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni mo tọ ojú ẹ̀jẹ̀, ó wọ àkùrọ̀ lọ, mo gbọ́ mímí rẹ̀ láàárín ewé, ẹ̀rù bà mí, mo padà. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ dán òmíràn wò lára pákó.

Àkùrọ̀ náà ni ìyá àgbà wa gbin ẹ̀fọ́ sí. Sátidé ni wọ́n máa ń lọ já a. Mo parọ́ fún wọn pé omi ti kún. Mo fẹ́ rí irin tó dára kí n lọ parí rẹ̀ kó tó di Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní jẹ́ kí n sinmi láyé.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Yéè! Irin lo ń bèèrè láti àárọ̀! Dìde báyìí, lọ sọ fún ìyá náà àti gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà àkùrọ̀. Àwọn ọmọ tó ń pọn omi ńkọ́? Lọ báyìí, ká tó tún sọ̀rọ̀.

Bàbá Onírúkèrè
Kí ó gbé tọ́ọ̀ṣì, kó tọ̀ ọ́ lóru yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Àgbà Apó
Kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ lóru! Túùrùkú tó ti gba ọgbẹ́ kì í sá, ṣe ló ń lúgọ. Ọmọ mi, mo wà ní Ìlobùú, kò jìnnà. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Èmi àti ọdẹ mẹ́ta máa dé lójúmọmọ pẹ̀lú ajá àti ṣakabùlà. Àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ o, sọ fún un pẹ̀lú, a nílò ẹni tí yóò dúró sójú ọ̀nà kó dá àwọn èèyàn padà. Ọrun rẹ á wà nílé.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Mo ti sọ fún ìyá àgbà. Wọ́n sunkún. Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́, sà.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ (ọjọ́ kejì, ìrọ̀lẹ́)
Ẹ ṣeun o. A rí i. Ó wà lábẹ́ igi ìtàkùn kan, kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí ebè tí ìyá àgbà gbin ṣọkọ sí. Ajá kan gba eyín ní ìhà, wọ́n ti rán an, ó ń jẹun. Ìbọn kan ni wọ́n yìn fún un. Nígbà tí wọ́n là á, irin mi wà lórí eegun èjìká, kò wọ̀ ọ́ tó ìdajì ìka, ó ká bíi ìwọ̀ ẹja. Gbogbo ibẹ̀ ti kẹ̀, a sin ín. Mi ò lè gbàgbé òórùn náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé e kiri.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló dúró sójú ọ̀nà láti aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Kò fi mí ṣe ẹ̀sín.

Mo ti yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo ní "Àrọ́yè o", mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé ọ̀pá yẹn wá pé kò ní le, èmi ni mo ní kó ṣáà máa rọ ọ́. Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ó ní kí n mú sípíríǹgì wá lọ́jọ́ Ajé, kí n sì wá fín ewìrì fúnra mi.

Àgbà Apó
Mú ọrun náà dání. Màá wá síbẹ̀, mo fẹ́ wo ọsán rẹ̀.