Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìbọn tó pa èèyàn gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kà nípa àwọn èèyàn 7 tí wọ́n yìnbọn pa ní Chicago lọ́jọ́ 14 oṣù February 1929, aṣọ ọlọ́pàá ni díẹ̀ nínú àwọn apànìyàn yẹn wọ̀ wá, làwọn èèyàn bá ń fura sí ọlọ́pàá. Calvin Goddard, onímọ̀ nípa àyẹ̀wò ìbọn, wá yẹ ọta .45 (bí ọta ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) àti èèpo ẹ̀ tí wọ́n ṣà nílẹ̀ wò, ó ní Thompson 2 (ìbọn arọ̀jò ọta) ló yìn ín, ó dán tọlọ́pàá wò, kò bára mu, ìgbà tí wọ́n rí Thompson 2 nílé ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Fred Burke ní Michigan ló tó bára mu. Ìyẹn yé mi dáadáa.

Ṣọ́tgọ́ọ̀nù tí wọ́n tún lò níbẹ̀ ni ò yé mi, torí inú irin ẹ̀ dán, kò ní ilà yíyí tó ń há ara ọta bíi ti ráífù. Ṣé èèpo ọta nìkan ni wọ́n á máa wò? Rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta ẹ̀ máa ń yí, wá ńkọ́, tí kì í tu èèpo sílẹ̀? Àbí kẹ̀, ọta .38 Special ń wọnú ìbọn .357 Magnum, tí wọ́n bá yọ ọ́ lára òkú, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá ìbọn .38 ló yìn ín àbí ti .357? Ẹni tó mọṣẹ́ yìí ni mò ń bẹ̀ o, kì í ṣe ti sinimá.