Ọgbà àjàrà ẹbí tí kì í lo oògùn olóró: báwo ni wọ́n ṣe ń kápá àrùn?

Àjíkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kà nípa Coulée de Serrant, ọgbà àjàrà hẹ́kítà 7 tí ẹbí Joly fi ń ṣe wáìnì ní Savennières, lẹ́bàá odò Loire ní ilẹ̀ Faransé. Báwo ni irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń kápá àrùn ewé láìlo oògùn olóró?

Bàbá Oníkòkó: Àjíkẹ́, wọ́n ń fín nǹkan. Òfin Yúróòpù fàyè gba imí ọjọ́ àti bàbà, èyí tí àwa àgbẹ̀ kòkó náà fi ń gbógun ti àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú. Ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà nínú ilẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń ṣe ekòló ní jàǹbá, ìdí nìyí tí òfin fi ní kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7.

Délé: Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹṣin ni wọ́n fi ń túlẹ̀ níbẹ̀, kí katakata má baà tẹ ilẹ̀ pa. Nicolas Joly tún gba ẹ̀kọ́ tí Rudolf Steiner, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Austria, fi lélẹ̀ ní 1924, pé kí wọ́n ki ìgbẹ́ màlúù sínú ìwo, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, kí wọ́n sì pò ó mọ́ omi láti wọ́n sórí ilẹ̀. Ìgbẹ́ náà yé mi. Ìwo ni kò yé mi.

Àjíkẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà sí irú iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí lè kọ ọ́ sára ìgò wáìnì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kì í lo oògùn olóró?

Bàbá Oníkòkó: Rárá o, ọmọ mi. Ọdún 3 ni yóò kọ́kọ́ fi tẹ̀lé ìlànà náà.