Mo ṣe sáfíìsì Orobo mi fúnra mi, ó ń rú èéfín, kò sì fẹ́ rìn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Camry Orobo ọdún 1996 ni mo ń lò. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe sáfíìsì tẹ́lẹ̀ ti fojú mi rí màbo. Yóò gbowó ọ́ìlì tuntun, jálá tí wọ́n ti ṣí ni yóò gbé jáde, bí mo bá sì sọ̀rọ̀, á máa bínú. Mo bá pinnu pé n ó ṣe é fúnra mi nílé. Mo ra jálá lítà 4 àti fílítà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Tàkíè, mo gbé mọ́tò sórí jáàkì, mo tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, mo da tuntun sí i. Mi ò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín lẹ́yìn. Bí mo bá tẹ iná, ẹ́ńjìnì á máa ké, mọ́tò kò ní fẹ́ kúrò lójú kan. Ìyàwó mi fẹ́ lọ kó láfún ní Ìkòyí-Ilé, kò rọ́kọ̀ lò, ilé wá gbóná mọ́ mi. Ó dá mi lójú pé ayédèrú ọ́ìlì ni wọ́n tà fún mi. Kí ni kí n ṣe fún ẹni tó tà á?

Àlàbí Under G: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Ọ́ìlì tí mo rà kò ki rárá, Golf mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbàgbàgbà. Ẹ gbé jálá yẹn padà lọ bá a.

Ìyá Mosún: Ṣé jáàkì nìkan lẹ fi gbé e tẹ́ ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀? Jáàkì yẹ̀ mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ ní Aroje, apá rẹ̀ kán, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé e ró náà o, ó máa ń fọ́ lójijì. Ẹ ra sítáǹdì onírin, kẹ́ ẹ sì fi òkúta há táyà ẹ̀yìn.

Bàbá Ìbejì: Igi ńlá ni mo fi gbé e ró. Ọ̀rọ̀ jáàkì kọ́ ni mo bá wá.

Dáúdà Ọlọ́kọ̀: Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ki, 20W-50, ni kẹ́ ẹ rà, òun ni mọ́tò àtijọ́ ń fẹ́ nínú oòrùn tiwa yìí. Ẹ ìbá sì ti kọ́kọ́ fi dísù fọ inú ẹ́ńjìnì.

Ọ̀gá Onísípánà: Bọ̀dá Dáúdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ wọn ní dísù yẹn mọ́. Kì í jáde tán, èyí tó bá kù á ba ọ́ìlì tuntun jẹ́. Ìdọ̀tí tó bá sì ṣí lè lọ dí asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù tó ń fa ọ́ìlì.

Dáúdà Ọlọ́kọ̀: Bàbá mi fi dísù fọ Peugeot 504 títí ó fi tà á, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìwọ kékeré yìí!

Ọ̀gá Onísípánà: Ẹ má bínú, sà. Bàbá Ìbejì, ṣé ọ́tò ni mọ́tò yín, èyí tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀? Àwọ̀ wo ni ọ́ìlì tó jáde? Kí lẹ fi tú nọ́ọ̀tì? Ibo ni ọ́ìlì dé lára géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń wọ̀n ọ́n?

Bàbá Ìbejì: Ọ́tò ni. Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe o. Ọ́ìlì tó jáde tiẹ̀ mọ́, ó pupa dáadáa. Allen key, irin onígun mẹ́fà yẹn, ni mo fi tú nọ́ọ̀tì. Lára géèjì, ó ti kọjá F, àmì pé ó kún, gan-an. Fílítà ni mi ò tíì pààrọ̀, ó le jù.

Ìyá Mosún: Yéè! Ti jíà lẹ tú!

Ọ̀gá Onísípánà: Bàbá, ẹ má tan mọ́tò yẹn mọ́. ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà ọ́tò, ló máa ń pupa. Nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì Orobo, sípánà 14 la fi ń tú u. Ti Allen key wà lábẹ́ jíà. Ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì tí kò gbà ju bíi lítà 4 lọ, ẹ wá da lítà 4 mìíràn lé e. Ó ti ga dé ara kíránkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, kíránkì ń lù ú bí ẹni ń po ọṣẹ, ó ń hó. Èyí tó pọ̀ jù ló ń jóná tó ń di èéfín. Jíà ni kò ní ọ́ìlì tó, ló fi kọ̀ tí kò rìn. Ẹni tó ta ọ́ìlì kò ṣẹ̀ yín.

Àlàbí Under G: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ lọ bá ẹni náà mọ́ o.

Bàbá Ìbejì: Mo ti gbọ́, àmọ́ ìdérí jálá yẹn kò le tó bó ṣe yẹ. Ṣé kí n fi okùn fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìlọrin?

Ọ̀gá Onísípánà: Rárá o! Táyà iwájú ló ń fa Orobo. Bó bá ń yí nílẹ̀ tí ẹ́ńjìnì sì ti kú, pọ́ǹpù jíà kò ní ṣiṣẹ́, irin inú rẹ̀ á máa jẹra wọn. Ṣé ATF tó jáde ṣì wà, ká wọ̀n ọ́n?

Bàbá Ìbejì: Káfíńtà àdúgbò ti gbà á, ó ní òun fẹ́ fi kun pákó nítorí ikán.

Ọ̀gá Onísípánà: Ó dáa. Ẹ tú ti ẹ́ńjìnì tán, ẹ pààrọ̀ fílítà, kẹ́ ẹ sì rí i pé rọ́bà ti àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Bó bá kù síbẹ̀, gbogbo ọ́ìlì tuntun ló máa tú síta. Ẹ da ọ́ìlì tuntun dé F, kó má kọjá. Fún jíà, ẹ ra ATF Dexron III, ẹ fi fọ́nẹ̀lì dà á gba ojú géèjì jíà. Ẹ fi lítà 2 bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tan án, ẹ tẹ búréèkì, ẹ yí jíà láti P dé L padà sí P, kẹ́ ẹ wá wo géèjì jíà nígbà tó bá gbóná tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tíì dé ojú ìlà tó wà fún gbígbóná, ẹ máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀.