Ẹni tí mo jẹ lówó dé ẹnu ọ̀nà mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú, kí kálukú wá sọ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ ti bá yín wí nínú ilé tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ sọ.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni mo wà. Hébérù 12:14 ni mo torí rẹ̀ gbààwẹ̀, níbi tó ti ní láìsí ìwà mímọ́, kò sẹ́ni tí yóò rí Olúwa. Mo wá ṣí Léfítíkù 19, nítorí ẹsẹ kejì ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ní kí gbogbo Ísírẹ́lì jẹ́ mímọ́, nítorí mímọ́ ni Òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgọ́ àti àlùfáà ni yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ẹbọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyá àti bàbá ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló kan èéṣẹ́ oko, ìyẹn ìyókù ìkórè, fún tálákà, olè jíjà, irọ́. Ẹsẹ 13 ní owó iṣẹ́ alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́ ọ lọ́wọ́ di òwúrọ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi dúró sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan bá mi kan ilẹ̀kùn méjì, mo san ìdajì, ìyókù sì di "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ti wọ oṣù kẹrin. Owó ò wọ́n mi. Mo kàn mọ̀ pé kò ní bá mi jà ni.

Mo fẹ́ máa gbàdúrà lọ, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Mo mú owó náà, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó kà á tán, ó ní: "Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ọjọ́ tí mo wá kẹ́yìn, mo gbọ́ orin ìyìn nínú ilé yín. Mi ò fẹ́ dí ìsìn yín lọ́wọ́, ni mo bá yí padà."

Kò fi ṣẹ̀sín o. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí wọ egungun. Ẹni tí mo jẹ lówó dé ẹnu ọ̀nà mi, orin tí mò ń kọ sí Ọlọ́run ló lé e padà.

Mi ò ní ká má gbààwẹ̀ o. Ààwẹ̀ yẹn ló gbé mi dé orí ẹsẹ náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọ̀rọ̀, bọ̀dá. Orí kan náà ló bá èmi wí, ẹsẹ 16, lórí òfófó. Arábìnrin kan fi omijé sọ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ fún mi. Mo gbé e dé ìpàdé àdúrà àwa obìnrin, mo ní ká bá a gbé e lọ síwájú Olúwa. A gbàdúrà lóòótọ́. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti mọ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti tán nínú òun, àmọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún mi mọ́.

Ọmọ akọrin: Ẹ̀yin àgbà, tèmi ò tíì yanjú. Níbi iṣẹ́ wa, a máa ń kọ àkókò tí a dé sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo dé ní aago mẹ́jọ àbọ̀ tí mo sì kọ aago mẹ́jọ. Mo rò pé ti ọlọ́jà nìkan ni òṣùwọ̀n òtítọ́ inú ẹsẹ 36. Lánàá, mo kọ 8:30. Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé, mo ní mo pẹ́ dé ni. Ti ẹ̀yìn wá ńkọ́, tí mo ti gba owó rẹ̀? Sákéù, agbowó orí inú Lúùkù 19, ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: Àbúrò mi, lọ bá ọ̀gá rẹ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí o bá fẹ́ ká jọ gbàdúrà kí o tó lọ, pè mí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la. Màá ti jí.