MT-32 tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀: kíbọ́ọ̀dù ò mú un dún, géèmù sì ń da orin rú

ÀbúròOnídùùrù (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó di olóògbé. Lára ẹrù tó fi sílẹ̀ ni Roland MT-32 kan, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tó ń dá ohùn orin, tó máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Màmá fi ìró wé e, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọdún yìí ni wọ́n tó ní kí n gbé e.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wálé wá ṣe Ojúde Ọba nígbà yẹn, tí ariwo ẹṣin àti ìbọn bá ti rọlẹ̀, èmi àtòun á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, a ó gbé abọ́ gaàrí sáàárín, a ó ṣí King's Quest IV. Sierra ló ṣe géèmù yẹn ní 1988, William Goldstein ló kọ orin rẹ̀. Ohùn tó ń ti inú àpótí yẹn jáde kì í ṣe pín-ín-pín-ín tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń ké. Fèrè ń dún lọ́tọ̀, gòjé ń dún lọ́tọ̀, ìlù wà lábẹ́ wọn. Mo fẹ́ tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti inú àpótí yẹn gan-an.

Kọ̀ǹpútà mi: Pentium 133, MS-DOS 6.22, káàdì Sound Blaster 16. Wáyà MIDI, èyí tó ń gbé àṣẹ orin láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ti inú ihò jóísítíìkì tó wà lẹ́yìn káàdì lọ sí MIDI IN àpótí. Àpótí ò ní ihò íápíìsì kankan, nítorí náà mo fa wáyà méjì láti ẹ̀yìn rẹ̀, L àti R, lọ sínú míksà kékeré. Ṣájà tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò fún un náà ni mo fi ń tan án. Iná rẹ̀ ń tàn, ìwé ń hàn lójú rẹ̀.

Àìsàn rẹ̀ rèé. Mo kọ́kọ́ so kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn láti dán an wò: kẹ́kẹ́ pa. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wò ó fún ìṣẹ́jú méjì péré, ó ní ó ti kú, kí n gbé e fún àwọn onípáńtí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sídìí kọ̀ǹpútà tí mo ṣí géèmù Doom, ó dún! Òkú kì í dáhùn. Àmọ́ ohun tó ń dún kò jọ Doom. Gìtá tó yẹ kó máa han gooro ti di báàsì tó ń kùn, àwọn ohùn mìíràn ò tilẹ̀ jáde rárá. Bí mo bá sì ṣí King's Quest IV, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ojú àpótí á kọ "Exc. Buffer overflow", gbogbo rẹ̀ á wá dàrú.

Ṣé lóòótọ́ ló ti kú?

AtúnRédíòṢe (Ṣágámù):

Àbúrò, má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Má tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni yẹn fojú kàn án mọ́.

Ti kíbọ́ọ̀dù ò le. Ọ̀nà 16 ni àṣẹ orin lè gbà kọjá nínú wáyà MIDI kan ṣoṣo. Kíbọ́ọ̀dù tí wọn ò bá tíì yí nǹkan kan lára rẹ̀, ọ̀nà 1 ló máa ń gbà sọ̀rọ̀. MT-32 kì í sì í gbọ́ ọ̀nà 1. Bí Roland ṣe gbé e jáde ní 1987 nìyẹn: ọ̀nà 2 dé 9 ló fi ń gba orin, ọ̀nà 10 jẹ́ ti ìlù. Ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ lò ń kàn látọjọ́ yìí. Ojúlé kejì ni onílé wà. Yí kíbọ́ọ̀dù sí ọ̀nà 2, kí o má yan ohùn kankan, kí o wá tẹ̀ ẹ́. Báàsì gìtá ló yẹ kí o gbọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò gbá, torí òun ló máa ń wà ní ọ̀nà 2 bí àpótí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn.

Inú mi dùn pé ṣájà rẹ̀ ṣì wà. Tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Fólútì 9 ni, àárín ẹnu rẹ̀ ni nẹ́gétíìfù wà. Ọ̀pọ̀ ṣájà ráútà tí wọ́n kó jọ sí ọjà Òkè-Ajé, àárín ni pọ́sítíìfù tiwọn wà, ẹnu wọn á sì wọlé geere bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí tìrẹ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, fi mítà wo tuntun kí o tó kì í bọ̀ ọ́. Kíbọ́ọ̀dù kan jóná lórí tábìlì mi nítorí bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ méjì.

ÌyáAkọrin (Ìjẹ̀bú-Igbó):

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tu màmá yín nínú. Lórí kíbọ́ọ̀dù tiwa, inú FUNCTION ni mo ti rí ọ̀nà yẹn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí mo fi kan MIDI, mo wá rí Transmit. Nítòsí rẹ̀ ni wàá rí Local: ìyẹn, má fọwọ́ kàn án. Bó bá ti di OFF, kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ò ní dún mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín ìsìn, àyà mi já pàà.

ỌmọÌperu (Ìperu-Rẹ́mọ):

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù ti tán ti kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí n mú ti géèmù, torí àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kò sí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú àwọn géèmù yìí bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ ni géèmù ń fi ránṣẹ́: gbé ohun èlò nọ́ḿbà báyìí, tẹ ohùn báyìí, tẹ̀ ẹ́ le tó báyìí. Àpótí ló ń dá ohùn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àpótí tí wọ́n kọ orin fún ṣe pàtàkì ju kọ̀ǹpútà lọ. Bobby Prince ló kọ orin Doom tó jáde ní 1993, General MIDI ló sì bá mu, ìyẹn ètò tí àwọn tó ń ṣe ohun èlò fẹnu kò lé lórí ní 1991. Roland SC-55, àpótí orin mìíràn, ń tẹ̀lé ètò yẹn. Níbẹ̀, nọ́ḿbà 31 ni gìtá oníná tó ń han. MT-32 ti wà nílé ayé ṣáájú ìfẹnukò yẹn, nọ́ḿbà 31 tirẹ̀ sì ni Syn Bass 3. Doom béèrè gìtá, àpótí gbé báàsì fún un. Àpótí rẹ ò ṣàṣìṣe kankan, ohun tí wọ́n pè ló gbé jáde. Èyí tó bá sì gba ọ̀nà 1 wá, kò gbọ́ ọ, bó ṣe ṣe kíbọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́. SC-55 tàbí irú rẹ̀ ni kí o wá fún Doom, má fi tipátipá mú MT-32.

King's Quest IV ló yàtọ̀. Ó wà lára àwọn géèmù tó kọ́kọ́ lo MT-32. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, géèmù á kọ́kọ́ kọ́ àpótí ní àwọn ohùn tuntun tí kò bá a wáyé. Àwọn iṣẹ́ gígùn tó fi ń rán yẹn là ń pè ní SysEx. O sọ pé àpótí rẹ ò ní ihò íápíìsì, gbólóhùn yẹn ló là mí lójú: èyí àkọ́kọ́ ni, àwọn tó jáde lẹ́yìn ló ní ihò yẹn. Ibi tí èyí àkọ́kọ́ ń kó iṣẹ́ sí kéré. Bí iṣẹ́ kejì bá dé kó tó parí ti àkọ́kọ́, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń rọ ọmọ ní àgbo tí kò dúró kó gbé e mì ni. Àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ń rọra rìn, ẹsẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Pentium 133 ń sá eré fún un.

SoftMPU ni kí o lò, sọ́fítíwia kékeré kan fún DOS, ọ̀fẹ́ ni. Rí i pé EMM386, tó ń bójú tó mẹ́mọ́rì, wà nínú CONFIG.SYS, fáìlì tí DOS ń kà bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, kí o wá tẹ èyí kí o tó ṣí géèmù:

SOFTMPU /MPU:330 /SB:220 /IRQ:5 /DELAYSYSEX

Tẹ SET, kí o wo ìlà BLASTER. Bó bá ní A220 I5 P330, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí náà ni. Bí tìrẹ bá yàtọ̀, kọ tìrẹ. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà yẹn ló ń mú kí iṣẹ́ máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. SoftMPU wúlò fún nǹkan mìíràn náà: àwọn géèmù àtijọ́ kan ń wá MPU-401, káàdì MIDI ti Roland, tó mọ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní intelligent mode, Sound Blaster 16 ò sì mọ̀ ju èyí tó rọrùn, UART, lọ. SoftMPU á gba èyí tí káàdì ò mọ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ṣí INSTALL nínú fódà géèmù, kí o yan Roland MT-32.

ỌmọÀgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè):

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀nà tó rọrùn. DOSBox Staging, sọ́fítíwia tó ń ṣí géèmù DOS lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ní MT-32 nínú: kọ mididevice = mt32 sínú ètò rẹ̀. ROM àpótí, ìyẹn ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ sínú ṣípù rẹ̀, nìkan ló máa béèrè. Orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń gbọ́ tèmi, NEPA ì báà mú iná lọ.

ÀbúròOnídùùrù:

Bọ̀dá Àgọ́, ẹ ṣé gan-an. Màá fi ti láptọ́ọ̀pù ṣe àfiwé. Àmọ́ àpótí yìí ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kàn, òun ni mo fẹ́ kó dún.

Ó sì ti dún! Alẹ́ Sátidé ni mo jókòó tì í. Mo rí Transmit níbi tí Màmá Akọrin wí, mo yí i sí 2, mo tẹ ohùn kan ṣoṣo lápá òsì. Báàsì. Gbàm! Ife orí tábìlì gbọ̀n. Màmá ti inú yàrá béèrè pé kí ló wó.

SoftMPU kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, torí mo ti kọ REM, tó ń ní kí kọ̀ǹpútà fo ìlà, síwájú EMM386 nígbà kan, mo sì ti gbàgbé. Mo yọ ọ́, mo tan kọ̀ǹpútà padà, ó wọlé. Mo ṣí géèmù, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ débi pé ọwọ́ mi ti ń lọ síbi tí màá ti pa á. Ojú àpótí ò kọ ìkọkúkọ kankan. Lẹ́yìn náà ni fèrè yẹn wọlé, gòjé tẹ̀ lé e. Màmá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi títí orin fi parí.

Ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí mo yí àpótí padà láti nu eruku ìdí rẹ̀, mo rí pílásítà kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bírò ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ ọ́: "2–9. Ìlù 10." Látọjọ́ tí mo ti gbé e, n kò yí i padà wò rí.

AtúnRédíòṢe:

Má bó pílásítà yẹn o.

Mo ní SC-55 kan ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ pé. Mò ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e dání ká fi gbọ́ Doom. Bá mi kọ nọ́ḿbà DSP, ṣípù ohùn tó wà lórí káàdì rẹ, sílẹ̀ dè mí. Bó bá jẹ́ 4.11 dé 4.13, ohùn kan lè máa ké láìdákẹ́ bí ìró ìbọn àti orin bá ń jáde pọ̀, màá sì mú káàdì mìíràn dání.